Katakata Tó Dàgbà Ju Awakọ̀ Rẹ̀ Lọ

Lọ́jọ́ tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí oko kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, katakata méjì la bá lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀kan jẹ́ Massey Ferguson 135, irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1964 sí 1975. Ọ̀dà pupa ara rẹ̀ ti ṣí, ìjókòó rẹ̀ ti ya, àpò ìrẹsì ni wọ́n ká lé e. Èkejì ṣì ń dán. Ó ní ilé onígíláàsì fún awakọ̀, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká. Bàbá olóko sọ fún wa pé ẹnì kan ti wá bẹ àwọn lẹ́ẹ̀mẹta pé kí àwọn ta ti pupa fún òun. "Mi ò tà á," ni wọ́n wí. Èyí tó ń dán ńkọ́? Wọ́n mirí. Kò sẹ́ni tó dá owó lé e rí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ SS2 sún mọ́ mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà kọ́ wa pé ohun tó bá gbó, iye rẹ̀ á já wálẹ̀ ni. Kí ló wá dé tí arúgbó fi wọ́n ju ọmọdé lọ níbí?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè náà débi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi wà lórí rẹ̀ nínú kíláàsì. Físíìsì wà nínú rẹ̀, kẹ́mísírì wà nínú rẹ̀, ìṣirò àti ọrọ̀ ajé náà ò sì gbẹ́yìn. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ẹ má kánjú, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan la ó máa gbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Bí èèyàn bá fẹ́ ra sílíńdà gáàsì tí wọ́n ti ń lò, kì í béèrè ọdún tí wọ́n rọ agolo náà. Á gbé e, á mì í, á fẹ́ mọ bí gáàsì tó kù nínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni katakata. Iṣẹ́ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ la ń sanwó fún. Ọkọ̀ akérò ń fi kìlómítà ka iṣẹ́ tó ti ṣe, torí ìrìn niṣẹ́ rẹ̀. Katakata lè dúró sójú kan látàárọ̀ dalẹ́ kó máa fa omi tàbí kó máa yí ẹ̀rọ ìpakà, kò sì ní rin ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ wákàtí ni mítà rẹ̀ ń kà.

Ṣùgbọ́n kò sí aago nínú mítà àwọn katakata àtijọ́. Ẹ fiyè sí èyí dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà wọ́n ni kò mọ̀. Wáyà irin kan tó ń yí nínú rọ́bà ló jáde láti ara ẹ́ńjìnì lọ bá mítà. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí ni wáyà náà ń yí, iye ìyípo yẹn ni mítà sì ń kà kó tó sọ ọ́ di wákàtí. Ká mú àpẹẹrẹ mítà tí wọ́n ṣètò sí ìyípo 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú wákàtí, 1,500 lọ́nà 60 sì jẹ́ 90,000. Ìgbàkígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti yí nígbà 90,000, mítà á fi wákàtí kan lé ti tẹ́lẹ̀. Bí awakọ̀ bá wá fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kó máa kùn jẹ́jẹ́ ní ìyípo 750, wákàtí méjì ti aago ọwọ́ yín ni mítà á kà sí ẹyọ kan.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ́kọ́ pariwo pé ìrẹ́jẹ nìyẹn. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìfarahara irin ló ń jẹ ẹ́ńjìnì, irin kì í sì í fara ha ara rẹ̀ bí kò bá yí. Mítà tó ń ka ìyípo sún mọ́ òótọ́ ju èyí tó ń ka àsìkò lásán lọ.

Báwo ni ìfarahara náà ṣe ń jẹ ẹ́ńjìnì? Ẹ́ńjìnì dísẹ̀ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ni písítìn ń fún pọ̀ nínú sílíńdà, títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná janjan. Bí epo bá ti fọ́n sínú rẹ̀, á gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tó ti fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí páǹpù máa ń gbóná. Ohun kan náà ni. Ohun tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yìí jò ni àwọn òrùka irin tó yí písítìn ká, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ríìnì. Ní gbogbo ìgbà tí písítìn bá lọ sókè sódò, ríìnì àti ògiri sílíńdà ń ha ara wọn. Ọ́ìlì ń bá wọn là á, àmọ́ kò lè là á tán. Bí fílítà bá wá ya, tí eruku oko ráyè wọlé, ó dà bí ẹni fi yanrìn họ ìkòkò: gbogbo ìyípo ló ń gé díẹ̀ kúrò.

Nígbà tí àlàfo bá ti wà láàárín ríìnì àti ògiri, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ sá lọ. Ìfúnpọ̀ á dínkù, ooru á dínkù, ẹ́ńjìnì á sì máa ṣe agídí láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí irin bá tutù. Ọ́ìlì náà á máa rọ́nà gòkè wá síbi tí iná wà, á máa jóná, èéfín tó jáde á sì ní àwọ̀ búlúù. Èéfín dúdú ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Funfun ń sọ pé epo ń jáde láìjóná, tàbí pé omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ ìyẹn sílẹ̀, nítorí owó ni. Ẹni tó mọ èéfín kà kò ní san owó ẹ́ńjìnì tó le fún ẹ́ńjìnì tó ti rẹ̀.

Irin tó dúró láìṣiṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu o. Ìpẹtà ń bẹ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, omi àti irin ni wọ́n jọ ń pilẹ̀ rẹ̀. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ìpẹtà gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, torí náà ó máa ń wú, ó máa ń rẹ́ dànù bí èèpo, irin tuntun tó wà lábẹ́ á sì tún hàn sí afẹ́fẹ́. Iyọ̀ ń mú un yára gan-an. Katakata tó ti gbé ọdún mẹ́wàá létí òkun lè ti pẹtà ju èyí tó ti gbé ogún ọdún lókè ọ̀dàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣèṣirò. Ká ní katakata kan jẹ́ 100 lọ́jọ́ tó dé, ó sì ń pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó bá ní lọ́dọọdún. Lẹ́yìn ọdún kan ó di 90. Ọdún kejì, ìdá 10 ti 90 ló lọ, kì í ṣe ti 100, ó di 81. Ẹ̀yìn ìyẹn ni 72.9, lẹ́yìn náà 65.6, 59, 53.1, nígbà tó sì máa pé ọdún méje ó ti di 47.8. Ó ti kọjá ìdajì. Ẹ tún fi ọdún méje lé e, ó di nǹkan bí 22.9. Ìdajì ìdajì nìyẹn. Àwọn tó ti kọ́ bí àwọn èròjà kan ṣe ń tú ká nínú físíìsì á rántí pé ìlànà kan náà ni: kì í ṣe iye kan náà ló ń lọ lọ́dọọdún, ìpín kan náà nínú ohun tó kù ni.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò èèyàn. Ẹni tó ra tuntun pàdánù 10 lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó rà á nígbà tó pé ọdún 19, tó jẹ́ nǹkan bí 13.5, kò pàdánù ju 1.35 lọ títí ọdún á fi yí po. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi méjèèjì ṣe sì lè jẹ́ ọ̀kan náà: ebè ni ebè, ilẹ̀ ni ilẹ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ sójú pátákó, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè náà gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Ẹni àkọ́kọ́ ló san owó gbígbó rẹ̀ nìyẹn, sà." Mi ò lè sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ìṣirò yìí kò tíì dáhùn ìbéèrè wa. Ìdí tí iye fi ń jábọ̀ ló sọ, kò sọ ìdí tí àwọn kan fi ń kọ̀ láti jábọ̀, tàbí tí wọ́n fi ń yípadà gòkè. Fún ìyẹn, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ katakata pupa.

Ní ìdí ìtàn rẹ̀ la ti bá Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1884. Kí ó tó dé, wọ́n kàn máa ń so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata kó máa wọ́ ọ tẹ̀ lé e ni. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò igi tàbí àpáta, òun á dúró, táyà ẹ̀yìn á ṣì máa yí, imú katakata á gbéra nílẹ̀, katakata á sì dojú dé lé awakọ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú bẹ́ẹ̀. Ferguson fi apá irin mẹ́ta so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń fa ohun ìtúlẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ á fẹ́ ṣubú síwájú, apá òkè á sì máa ti ara katakata, á máa tẹ imú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Agbára tó ń pani tẹ́lẹ̀ ló wá sọ di agbára tó ń di katakata mú. Ó tún fi ọ́ìlì tí páǹpù ń tì, tí à ń pè ní haidrọ́líìkì, gbé àwọn apá ìsàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti le jù, ohun ìtúlẹ̀ á gbéra díẹ̀ fúnra rẹ̀. Katakata kékeré tó fúyẹ́ wá ń ṣe iṣẹ́ tí ńlá ń ṣe. Mo lo ọjọ́ méjì lórí èyí nìkan. A fi igi mẹ́ta àti okùn ṣe àwòṣe rẹ̀ sórí tábìlì, ojú àwọn ọmọ sì là.

Ní 1938, Ferguson àti Henry Ford bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn ò kọ àdéhùn kankan sílẹ̀. Ní 1939, katakata Ford 9N jáde pẹ̀lú apá mẹ́ta náà. Nígbà tó yá ilé-iṣẹ́ Ford ní àwọn ò ṣe mọ́, wọ́n gbé katakata 8N tiwọn jáde, Ferguson pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1952 pẹ̀lú mílíọ̀nù 9.25 dọ́là. Láàárín àsìkò yẹn, láti 1946 sí 1956, Ferguson ń ṣe katakata TE20 tirẹ̀ ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní 500,000 tí wọ́n ṣe. Irú rẹ̀ ni Edmund Hillary gùn dé ìpẹ̀kun gúúsù ayé ní ọjọ́ 4 oṣù January, 1958. Ní 1953 ni Ferguson da iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Massey-Harris, ibẹ̀ sì ni orúkọ Massey Ferguson ti jáde wá.

Báwo ni gbogbo èyí ṣe kan owó? Ó kàn án gan-an. Àwọn tó kù tó ń ṣe katakata gba apá mẹ́ta yẹn wọlé, ó sì di ìlànà gbogbo ayé. Ohun ìtúlẹ̀ tí wọ́n rọ lọ́dún tó kọjá, bí kò bá ti wúwo ju agbára rẹ̀ lọ, á wọ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata tí wọ́n ṣe ní 1965 láìfi iná jó ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ fojú inú wo fóònù ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn tí ṣájà òde òní ṣì bá mu. Ohun tó bá ṣì lè bá ti òde òní ṣiṣẹ́ kò tíì gbó, ohun yòówù kí ìwé rẹ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ páàtì náà ń bẹ. Nínú MF 135 tí ń lo dísẹ̀ẹ̀lì, ẹ́ńjìnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta ló wà, Massey Ferguson sì ti ra ilé-iṣẹ́ Perkins láti 1959. Ògiri inú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ àpò irin tó ṣeé yọ, tí mẹkáníìkì ń pè ní láínà. Nígbà tí ìfarahara bá ti jẹ ẹ́ tán, a ò ní ju ẹ́ńjìnì nù. A ó yọ láínà, písítìn àti ríìnì rẹ̀, a ó ki tuntun bọ̀ ọ́, mítà iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì nílẹ̀ òkèèrè náà sì gbàṣẹ láti máa ṣe katakata ìran yìí: TAFE ní Chennai ní Íńdíà, Millat ní Lahore ní Pakistan, IMT ní Belgrade nígbà ayé Yugoslavia. Ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀ fi kún ọjà, tí kò sì wọ́n. Bí páàtì bá ti wà, tó sì pọ̀, ọjà kì í ka ẹ̀rọ sí òkú.

Ti dídán yẹn ńkọ́, kí ló ṣe é? Bàbá olóko ní ọjọ́ kan ni iná pupa kan tàn níwájú awakọ̀, ẹ́ńjìnì ò sì lágbára mọ́. Sẹ́ńsọ̀ kan ló bàjẹ́. Páàtì náà kò ju àtàǹpàkò lọ, àmọ́ kò sí ní Ìbàdàn, kò sí ní Èkó, ẹni tó sì ní kọ̀ǹpútà tó lè bá katakata náà sọ̀rọ̀ kò sí nítòsí. Ó ṣì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí iṣẹ́ nínú, kò sì sẹ́ni tó lè fa ọ̀kan jáde. Sílíńdà gáàsì tó kún bámú, tí orí rẹ̀ wá di pa.

Kì í ṣe Ìṣẹ́yìn nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 2019, wọ́n lu àwọn katakata John Deere àtijọ́ ní gbàǹjo. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1979, tí mítà rẹ̀ kò ju wákàtí 826 lọ, lọ ní 61,000 dọ́là. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní 1980, tó ti ṣe wákàtí 2,147, lọ ní 43,500. Ẹ wo ọjọ́ orí wọn: ọdún kan péré ló wà láàárín. Ẹ wá wo wákàtí wọn. Kì í ṣe katakata irú kan náà ni méjèèjì, nítorí náà mi ò ní sọ pé wákàtí nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn olùrà mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Kí ló mú àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ John Deere wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, máa du ẹ̀rọ ogójì ọdún? Láti 1996 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dín èéfín olóró tó ń jáde lára ẹ́ńjìnì oko kù, ìpele tó le jù nínú òfin náà sì wọlé ní nǹkan bí 2014 sí 2015. Òfin tó dára ni, mi ò ní parọ́, torí èéfín dísẹ̀ẹ̀lì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àmọ́ láti tẹ̀ lé e, katakata ní láti ní àsẹ́ tó ń gba èérí èéfín, omi yúríà tí wọ́n ń fọ́n sínú èéfín, àti ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, ẹ́ńjìnì lè dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ tó sì mọ sípánà lò dáadáa kò lè tún un ṣe láìsí sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́. Ìjà lórí èyí le débi pé ní 2023 ìpínlẹ̀ Colorado ṣòfin pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ oko gbọ́dọ̀ fún àgbẹ̀ ní ohun tó máa fi tún un ṣe, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024. Katakata àtijọ́ kò di alágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú gbogbo èyí. Ohun tí àgbẹ̀ ì bá fi pààrọ̀ rẹ̀ ló di ọ̀wọ́n, tó sì di ìṣòro. Iye ohun kan kì í dá dúró, ẹ̀gbẹ́ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ ló máa ń tò sí.

Owó tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ náà ń mì ín. Ní April 2022, búṣẹ́ẹ̀lì àgbàdo kan kọjá 8 dọ́là ní ọjà Chicago. Àgbẹ̀ rówó, ẹ̀rọ tuntun ò tètè dé nítorí àìtó páàtì lẹ́yìn àrùn kòrónà, katakata àlòkù sì gbówó lérí. Nígbà tó fi di August 2024, àgbàdo ti wálẹ̀ débi pé kò tó 4 dọ́là mọ́, èlé báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà nítòsí òdo kí March 2022 tó dé sì ti kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye katakata àlòkù rọ̀. Irin kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà, kò sí ríìnì kan tó jẹ sí i láàárín ọdún méjì yẹn nínú èyí tó dúró sílé.

Nílé níbí, náírà ló ń fi ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Kí June 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦480 lójú òfin. Nígbà tí 2024 ń lọ sópin, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ jẹ́ ká fi katakata tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní 8,000 dọ́là ṣàpẹẹrẹ. Ní ₦480, mílíọ̀nù 3.84 ni. Ní ₦1,500, mílíọ̀nù 12 ni. Èyí tó wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ayébáyé, tí kò mọ dọ́là, tí kò rí òkun, á tẹ̀ lé e gòkè, torí ẹni tí kò lè ra tòkunbọ̀ mọ́ á wá kan ìlẹ̀kùn Bàbá olóko. Àwọn ọmọ fẹ́ sọ pé katakata náà "jèrè." Mo ní kí wọ́n ṣọ́ra. Bí rúlà bá sún kì, tí tábìlì wá gùn ju ti àná lọ lójú rúlà, ṣé tábìlì ló dàgbà?

Ìpele kan ṣì kù, tí àwọn díẹ̀ nínú katakata máa ń dé: ibi tí wọn kì í ti í rà á fún iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ní sányán nínú àpótí mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ náà ti kọjá ìgbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa fi ṣe ìnulẹ̀. Ní April 2022, ní Amẹ́ríkà, wọ́n lu katakata Case 30-60 tí wọ́n ṣe ní 1913 ní gbàǹjo, ó sì lọ ní mílíọ̀nù 1.47 dọ́là. Orúkọ rẹ̀ gan-an ẹ̀kọ́ ni: 30 ni agbára ẹṣin tó fi ń fa nǹkan, 60 ni èyí tó fi ń yí bẹ́líìtì. Ìdajì agbára rẹ̀ ń ṣòfò sára gíá, táyà irin àti ilẹ̀ kó tó dé ibi ìfà. Gẹ́gẹ́ bí ohun èlò oko, kò lè bá MF 135 du nǹkan kan. Ọ̀wọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ di olówó ńlá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pàápàá ní 1942, ìjọba Amẹ́ríkà ké sí àwọn aráàlú kí wọ́n kó irin àlòkù wá láti fi rọ ohun ìjà, ọ̀pọ̀ katakata ńláńlá tó ti dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ oko ni wọ́n sì fà lọ síbi ìyọ́. Èyí tó ṣẹ́kù lónìí kò ju díẹ̀ lọ. TE20 tó lé ní 500,000 kò ní gba ọ̀nà yẹn láyé yìí, bó ti wù kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pọ̀ tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a padà sí oko náà. Mo ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé bí ẹ bá lọ wo katakata, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni tán. Bó bá gbóná, ẹnì kan ti dá a ṣáájú kí ẹ tó dé, bóyá torí pé ó máa ń ṣe agídí nígbà tó bá tutù. Ti Bàbá tutù nini. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. A ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí bó ṣe ń kùn, èéfín ò fẹ́ jáde níbẹ̀, àwọn ọmọ sì mọ̀ pé ríìnì ṣì ń di afẹ́fẹ́ mú.

Mítà rẹ̀ ti kú tipẹ́. Wáyà inú rẹ̀ já nígbà tí bàbá tó bí Bàbá olóko ṣì wà láyé. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ní, "Tíṣà, báwo la ṣe fẹ́ mọ iṣẹ́ tó ti ṣe?" Mo ní kí ó wá ohun tí kò lè parọ́. Ó yí katakata náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ pa rọ́bà ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì, ó ti tẹ́jú bí òkúta odò. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn, níbi irin ìfà, ó ní kí n wá wo ihò tí wọ́n ń ki pín-ìn-nì bọ̀. Ihò náà kò rí roboto mọ́. Mo yọ kálípà tí a gbé wá láti láàbù, ó wọn ihò náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ó wọ̀n ọ́n láti iwájú sẹ́yìn, lọ́nà tí ẹrù ń gbà fà. Mílímítà 6 ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Bàbá olóko bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìka wọn wọ inú ihò náà, wọ́n ní, "Nínú mílímítà mẹ́fà yẹn, mo wà níbẹ̀ fún bíi mẹ́rin."